Ṣé O Mọ̀? Orúkọ Tí Èèyàn Ń Jẹ́, Láti Agége Dé Ihò Eléérú

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri àwọn iléeṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Ìkẹjà, lè gbọ́ "Ta lèèyàn ẹ níbí?" kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé "Iṣẹ́ wo lo mọ̀?" Èèyàn tí wọ́n ń béèrè yẹn kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì lásán. Ẹni tó lè tìtorí rẹ dìde nínú ọ́fíìsì ni. Ẹni tó bá ní "Mi ò léèyàn" ń gbé láàárín ọ̀pọ̀ èrò ní Agége, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń yin bàbá tó sanwó ilé ìwòsàn fún ọmọ aládùúgbò: "Èèyàn ni." Òun náà la fi ń bú ìkà: "Kì í ṣèèyàn." Tó bá wá kan "àwọn ọmọ aráyé", ohùn á rẹlẹ̀, torí ọ̀tá tí a ò rí là ń sọ. Lójú Yorùbá, bíbí nìkan ò tíì sọ ni di èèyàn, àfi kí ìwà tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ̀ pé irun orí la fi ṣe oríkì ara wa? "Ọmọ adáríhurun" làwọn àgbà ń pe gbogbo wa, láti yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran tó hurun láti ọrùn dé ìrù. Ní Agége, àfáà á wàásù fún "ọmọ Ánábì Ádámọ̀" lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Oníwàásù inú bọ́ọ̀sì á bá "ọmọ Ádámù" wí. Onífá á rán ọ létí pé Ọbàtálá ló mọ ọ́, Olódùmarè ló mí èémí sí ọ nínú. Ọ̀nà mẹ́ta ni, amọ̀ ló wà nídìí gbogbo wọn.

Carl Linnaeus, ará Sweden, kò wo irun ní tirẹ̀. Ọgbọ́n ló wò. Nínú ìwé tó tẹ̀ lọ́dún 1758, ó sọ wá ní Homo sapiens lédè Látìnì, ìyẹn èèyàn ọlọ́gbọ́n, orúkọ yẹn sì ni sáyẹ́ǹsì ń pè wá títí dòní. Ohun tí ìwé iléèwé kì í sábà fi kún un ni pé nínú ìwé kan náà, ó fi ilẹ̀ àti àwọ̀ pín èèyàn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ pé alárékérekè, ọ̀lẹ àti aláìbìkítà ni ọmọ Áfíríkà. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, irọ́ sì ni. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí, kó dúró ní Pen Cinema, ní Agége, kí ilẹ̀ tó mọ́, kó wo èrò tó ń sáré wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ tí a bá ń kọ́ ní Homo sapiens, ó yẹ ká kọ́ ọ ní apá yìí pẹ̀lú, kó lè mọ̀ pé ẹni tó fún èèyàn lórúkọ lè máà rí i bí èèyàn.

Ṣé o mọ̀ pé hominid àti hominin kì í ṣe ọ̀kan náà? Láyé ọjọ́un, àwa èèyàn àti àwọn ìbátan wa tó ti kú run nìkan ni hominid. Lónìí, wọ́n ti ka gorilla, chimpanzee àti orangutan mọ́ ọn. Hominin ló wá ṣẹ́ kù fún àwa àti gbogbo àwọn tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa látìgbà tí ọ̀nà tiwa àti ti chimpanzee ti pínyà. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1980 àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lè jọ lo hominid kí wọ́n má sọ ohun kan náà. Olùkọ́ tó bá ń ra ìwé àlòkù, kó kọ́kọ́ yẹ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé o mọ̀ pé méjì nínú àwọn ará àtijọ́ yìí ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́? Ní 1964, Louis Leakey, Phillip Tobias àti John Napier wo egungun tí wọ́n rí ní Olduvai, ní Tanzania, wọ́n sọ ọ́ ní Homo habilis, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, torí wọ́n gbà pé òun ló gbẹ́ àwọn irinṣẹ́ òkúta tó wà níbẹ̀. Ní 1975, Colin Groves àti Vratislav Mazák mú egungun àgbọ̀n kan tó wá láti Koobi Fora, ní Kenya, wọ́n pè é ní Homo ergaster, òṣìṣẹ́ lédè Gíríìkì. Ó wú mi lórí pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe àmì èèyàn, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n rí. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ iléeṣẹ́ ní Agídíngbí àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọ̀gbà lè fi èyí yangàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní 2015, wọ́n kéde irinṣẹ́ òkúta tí wọ́n rí ní Lomekwi, ní Kenya, tó ti tó ọdún mílíọ̀nù 3.3. Egungun Homo tó tíì pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ wa, tí wọ́n rí ní Ethiopia, kò ju ọdún mílíọ̀nù 2.8 lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ Homo. Homo habilis kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára, wọn ò sì gbà á padà.

Ṣé o mọ̀ pé Australopithecus kò bá Australia tan rárá? Ìnàkí gúúsù ló túmọ̀ sí. Raymond Dart ló fún agbárí ọmọdé kan lórúkọ yẹn ní 1925, lẹ́yìn tí wọ́n rí i ní Taung, ní South Africa, lọ́dún tó ṣáájú.

Àwọn tó wá lẹ́yìn Dart bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ lẹ́nu àwọn tó ni ilẹ̀. Ní 2001, Ahounta Djimdoumalbaye, ọmọ Chad tó wà nínú ikọ̀ Michel Brunet, onímọ̀ egungun àtijọ́, rí agbárí kan tó ti tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 7 nínú aṣálẹ̀. Sahelanthropus tchadensis lorúkọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Toumaï ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Lédè àwọn Goran, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti sún mọ́lé ni, ó sì túmọ̀ sí ìrètí ìyè. Ẹni tó ti sọ ọmọ ní Abíọ́nà tàbí Abọ́sẹ̀dé rí mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sì jìnnà sí wa: Chad ló bá Bọ̀nọ́ pààlà.

Ardi, egungun àtijọ́ kan láti Ethiopia, gba orúkọ rẹ̀ lédè Afar, ilẹ̀ ló túmọ̀ sí. Homo naledi, tí wọ́n kéde ní 2015 láti inú ihò Rising Star ní South Africa, gba tirẹ̀ lédè Sesotho: ìràwọ̀. Lucy, egungun tí wọ́n rí ní Hadar, ní Ethiopia, ní 1974, tó sì ti tó ọdún mílíọ̀nù 3.2, gba orúkọ látinú orin òyìnbó kan tó ń dún nínú àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí i. Àwọn ará Ethiopia ń pè é ní Dinkinesh: ìyanu ni ọ́. Èmi ò rí ìdí tí àwa tó wà ní Áfíríkà fi ní láti fi Lucy ṣáájú.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ń jà lórí orúkọ òkú kan láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn? Agbárí tí awakùsà rí ní Kabwe, ní Zambia, ní 1921, ni wọ́n sọ ní Homo rhodesiensis, torí orúkọ Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn, ni ilẹ̀ náà ń jẹ́ nígbà yẹn. Ní 2021, Mirjana Roksandic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n pa orúkọ yẹn tì, kí wọ́n lo Homo bodoensis, láti ara Bodo ní Ethiopia. Àwọn onímọ̀ kan gbà, àwọn mìíràn ní òfin ìsọmọlórúkọ sáyẹ́ǹsì kò fàyè gbà á. London ni agbárí Kabwe wà títí dòní, Zambia sì ti béèrè rẹ̀ tipẹ́. Kí wọ́n dá a padà ló tọ́.

Ó wá kan "baba ńlá". Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lẹ́nu wa: baba ńlá irọ́, baba ńlá olè, baba ńlá gbèsè. Tí awakọ̀ méjì bá kọlura ní Ìyànà Ìpájà, ó ti di èébú. Nínú oríkì àti níbi ìsìnkú, ó tún di ọlá. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni kí ìwé ìròyìn máa pe gbogbo agbárí àtijọ́ ní "baba ńlá wa", nígbà tí Yorùbá ní orúkọ fún oríṣi ẹbí kọ̀ọ̀kan.

Mú Neanderthal wò. Inú àfonífojì Neander, ní Jámánì, ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀ ní 1856, William King sì sọ ọ́ ní Homo neanderthalensis ní 1864. Kì í ṣe òun ló bí Homo sapiens. Baba ńlá kan ló bí àwa àtòun, ọ̀nà wa sì pínyà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìbátan ni wá. Nígbà tí àwọn kan láti Áfíríkà wá jáde lọ sí Éṣíà àti Yúróòpù, wọ́n bá a pàdé níbẹ̀, wọ́n sì jọ bímọ. Látàrí èyí, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àbùdá àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àna là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tó padà wá sí Áfíríkà mú díẹ̀ nínú rẹ̀ bọ̀, ìyẹn ni ìwádìí 2020 ṣe rí ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwa náà. Ìbátan fún gbogbo ayé, àna fún àwọn tó jáde nílé, baba ńlá fún àwọn ọmọ tí wọ́n jọ bí: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tí a ní láti yá.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn egungun èèyàn tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá láti ilẹ̀ Yorùbá? Ẹ̀bá Ìsàrun, nítòsí Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ihò tí wọ́n ti rí i wà. Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ awalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, walẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀, lábẹ́ irinṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ, wọ́n bá ẹnì kan tí wọ́n ti sin. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún 13.

Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn agbárí ẹni yẹn lọ́tun. Agbárí náà gùn, kò ga, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti àwọn tó gbé ayé ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lọ. Ẹni tó kú ní ẹgbẹ̀rún ọdún 13 sẹ́yìn ń gbé orí àtijọ́ rìn nínú igbó wa, nígbà tí àwọn tí orí wọn rí bíi tèmi tìrẹ ti kún ayé. Wọn ò fún un ní orúkọ ẹ̀yà tuntun. Èèyàn ni wọ́n pè é, wọ́n sì gbà pé ìtàn èèyàn ní Áfíríkà díjú ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ìdájọ́ yẹn tọ́. Àwọn tó sin ín náà ti kà á sí èèyàn.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ihò yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé fi kọ ọ́ ní "Iwo Eleru". Ihò tó ní eérú ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ: Ihò Eléérú. Àwọn onímọ̀ tó ń kọ̀wé lẹ́nu àìpẹ́ yìí ti ń ṣàtúnṣe rẹ̀ sí Iho Eleru, ṣùgbọ́n èyí tí kò tọ́ ló ṣì pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yorùbá kan ṣoṣo tó bá kà á sókè nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ì bá ti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àkúdàáyà wà nínú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá? Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ẹni tó kú nílùú kan, tí wọ́n tún rí nílùú mìíràn, tó ti láya, tó ti bímọ, tí ìyàwó ò sì mọ̀ pé òkú lòún fẹ́. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman, ní California, yẹ àbùdá àwọn Yorùbá Ìbàdàn, àwọn Ẹ̀sán, àwọn Mende ti Sierra Leone àti àwọn ará Gambia wò. Wọ́n rí i pé láti ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ irú èèyàn kan tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà kí àwa àti Neanderthal tó pínyà. Kò sí egungun rẹ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti rí i. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀mí òkú pè é. Àkúdàáyà bá a mu jù, torí òkú yìí fẹ́yàwó, ó sì bímọ. Àwọn kan ti ń so ó mọ́ ẹni Ihò Eléérú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó máa so wọ́n pọ̀ kò tíì jáde.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta ni Yorùbá ń jẹ́ nínú àwọn láàbù ayé? YRI: Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap, tó ń wá ìyàtọ̀ inú àbùdá èèyàn káàkiri ayé, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èèyàn 90 ní Ìbàdàn ló fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, ló darí apá ti Áfíríkà. Ní 2008, ọkùnrin kan nínú àwọn ará Ìbàdàn yẹn ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀ tán. Ní 2010, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó bá Neanderthal tan, Yorùbá kan wà nínú àwọn èèyàn márùn-ún tí wọ́n fi wé e.

HapMap tún fi ìlànà lélẹ̀ nípa orúkọ. Wọ́n ní kí oníwádìí má ṣe pe àwọn 90 yìí ní "ọmọ Áfíríkà" tàbí "ará Nàìjíríà" lásán. Kó dárúkọ Yorùbá, kó dárúkọ Ìbàdàn. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn 90 láti ìlú kan kò lè ṣojú gbogbo àwọn tó wà láti Àwórì dé Kétu, ká má tíì sọ ti gbogbo Áfíríkà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníwádìí ṣì ń gé e kúrú. Ìlànà yẹn dára, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ka ìmọ̀ àbùdá máa pa á mọ́.

Kí ẹnì kan tó wọ inú YRI, àwọn òbí òbí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá. Wá béèrè irú ìbéèrè yẹn ní Agége. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti gba Agége dé Ìbàdàn ní 1901 ni Agége ti ń gba àlejò. Jacob Kehinde Coker dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkọ̀, ó sì wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Àwọn alágbàṣe rọ́ wá láti ìlú òkèèrè. Haúsá wá fún òwò obì, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbá dé, Ègùn dé. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ sì kún Ìkẹjà, gbogbo Nàìjíríà ló tú dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní Agége ní ìyá àgbà Tápà tàbí bàbá àgbà Ègùn, Yorùbá ló sì ń fi lá àlá.

Orúkọ Kẹ́hìndé tí Coker ń jẹ́ tún ń sọ nǹkan. Nínú oríkì, ọmọ ẹdun là ń pe ìbejì, ẹdun sì ni ọ̀bọ tó ń gbé orí igi. A tún ń sọ wọ́n ní Ẹdúnjobí. Ṣáájú ọjọ́ tí Darwin tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń yí padà jáde ní 1859 ni a ti ń bá ọ̀bọ ṣẹbí nínú oríkì, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ṣé o mọ̀ pé "ọmọ onílẹ̀" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa baba ńlá? Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Abúlé Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé "baba mi ló kọ́kọ́ débí". Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Ìkẹjà àti Agége kò fi ìtàn tiwọn pamọ́: Ọlọ́fin ló kó wọn láti Ifẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé àwo lórí omi títí àwo fi rì. Àwọn fúnra wọn ní àwọn wá láti ibòmíràn. Àwọn egungun Jebel Irhoud, ní Morocco, tó ti tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ọdún, fi hàn pé Homo sapiens ti ń rìn káàkiri Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ Àwórì, Ẹ̀gbá tàbí Haúsá. Ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ń bẹ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kí wọ́n pè ní àtọ̀húnrìnwá bí ẹni ń bú u, torí kò sẹ́ni tí baba ńlá rẹ̀ kò rìn wá.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, bóyá Mángòrò lo ti wọkọ̀ àbí Aláùsá lò ń lọ, mú bébà kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kọ orúkọ àwọn òbí òbí rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan wọn, èdè tí wọ́n sọ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Èyí tó ò bá mọ̀, bi àgbà tó bá ṣì wà láyé léèrè, kó o sì fún àwọn ọmọ rẹ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Tí olùkọ́ wọn bá kọ "Iwo Eleru" sójú pátákó, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ nawọ́ sókè, kí wọ́n ní Ihò Eléérú ni.